Ilé Gbígbé àti Ìgbé-Ayé Àdúgbò ní Harlem, 1900 sí 1930: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi wá léraléra nípa bí Harlem ti ìlú New York ṣe di àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú ni a kó jọ síhìn-ín. A to wọ́n láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó takókó.

Níbo gan-an ni Harlem wà?

Apá àríwá erékùṣù Manhattan ni ó wà, ní ìlú New York. Àwọn Dutch ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó gẹ́gẹ́ bí abúlé ní 1658, tí wọ́n sì fi orúkọ ìlú Haarlem tí ó wà ní ilẹ̀ wọn pè é. Oko ni ó pọ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí igba ọdún, àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà sì wà lára àwọn tí ó ro ilẹ̀ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé lẹ́yìn 1900 ni ènìyàn dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ Harlem kò sọ òtítọ́ tán. Ọdún 1873 ni ìlú New York gba àdúgbò náà mọ́ ara rẹ̀.

Àárín Harlem ni a ní lọ́kàn nínú àwọn ìdáhùn wọ̀nyí, ìyẹn àyíká Lenox Avenue àti Seventh Avenue, láti nǹkan bí 130th Street lọ sókè. East Harlem, níbi tí àwọn ará Ítálì pọ̀ sí nígbà náà, ní ìtàn tirẹ̀.

Ǹjẹ́ tìtorí àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé Harlem?

Rárá o. Àwọn òyìnbó tí wọ́n rí jájẹ ni wọ́n kọ́ wọn fún. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin orí afárá dé Harlem ní nǹkan bí 1880, ó ṣeé ṣe fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú láti máa gbé òkè níhìn-ín, kí ó sì máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ilé olókùúta pupa rúsúrúsú, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ gùn láti ojú títì dé ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n fi kún àwọn òpópónà. Nígbà tí ariwo wá ta pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa gba abẹ́ Lenox Avenue kọjá, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sáré yá owó, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé sórí rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn ní iye tí ó ń lé sí i.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1904 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lenox Avenue, ṣùgbọ́n ilé ti pọ̀ ju ayálégbé lọ. Láàárín 1904 sí 1905 ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀. Àwọn tí ń yáni lówó fa ọwọ́ sẹ́yìn, gbèsè wọ àwọn akọ́lé lọ́rùn, ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn rí sì ṣófo, pàápàá ní ìhà Lenox Avenue láàárín 133rd Street sí 135th Street. Onílé tí gbèsè ń lé kiri, tí kò sì rí ẹni gba yàrá, kò lè máa ṣa ayálégbé bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni àyè ti ṣí.

Níbo ni àwọn ènìyàn dúdú New York ń gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Harlem?

Ìwọ̀-oòrùn Manhattan ni púpọ̀ nínú wọn wà, ní àdúgbò méjì tí wọ́n ń pè ní Tenderloin àti San Juan Hill. Ilé ibẹ̀ ti gbó, ó há, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ní oṣù Kẹjọ 1900, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Tenderloin: àwọn òyìnbó ń fa àwọn ènìyàn dúdú jáde láti inú ọkọ̀ títì, wọ́n ń lù wọ́n, àwọn ọlọ́pàá sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ń luni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Tenderloin láti kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tí à ń pè ní Pennsylvania Station, èyí tí wọ́n ṣí ní 1910. Ẹni tí wọ́n lù ní ọdún kan, tí wọ́n sì wó ilé mọ́ lórí ní ọdún mìíràn, yóò wá ibòmíràn lọ.

Ta ni Philip Payton, kí sì ni ó ṣe?

Philip A. Payton kékeré jẹ́ ọmọ Westfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n bí i ní 1876. Ó dé New York ní 1899, ó gé irun fún ènìyàn, ó sì ṣe iṣẹ́ agbálẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ntì ilé. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí òwò náà, tí òun náà fi di ajẹ́ntì. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ìjà onílé méjì ní 134th Street ni ó fún un ní àǹfààní àkọ́kọ́: ọ̀kan nínú wọn fẹ́ gbẹ̀san lára èkejì, ó sì gbé ilé rẹ̀ fún Payton pé kí ó fi àwọn ènìyàn dúdú kún un. Láti ibẹ̀ ni àwọn onílé mìíràn tí ilé wọn ṣófo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó máa ń ṣèlérí owó ilé tí kò ní já fún wọn, iye náà sì máa ń ga ju èyí tí òyìnbó ń san lọ.

Ní 1904 ó dá Afro-American Realty Company sílẹ̀, wọ́n sì ń ta ìpín rẹ̀ ní dọ́là 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan kí mẹ̀kúnnù náà lè rà á. Ọdún yìí kan náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká wáyé. Ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan tí ń jẹ́ Hudson Realty ra ilé mélòó kan ní 135th Street, ó sì ń lé àwọn ayálégbé dúdú jáde. Payton lọ ra ilé méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó lé àwọn òyìnbó inú rẹ̀ jáde, ó sì kó àwọn tí wọ́n lé jáde níjọ́sí wọlé. Kò pẹ́ tí Hudson fi ta àwọn ilé tirẹ̀ pẹ̀lú, Payton àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n sì rà á.

Ilé-iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé. Ní 1906 àwọn kan tí wọ́n ra ìpín gbé Payton lọ sí ilé ẹjọ́ pé ìwé tí ó fi polówó ilé-iṣẹ́ náà kún fún àbùmọ́, nígbà tí ó sì fi di 1908 ó ti tú ká. Payton fúnra rẹ̀ kú ní 1917. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò tún padé mọ́, àwọn méjì tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, John E. Nail àti Henry C. Parker, sì ti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1907.

Kí ni ọ̀rọ̀ ìjọ ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ilé?

Ohun púpọ̀ ni. Owó ìjọ nìkan ni owó ńlá tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú pa pọ̀ nígbà náà. Ìjọ St. Philip's, tí ó jẹ́ ti Episcopal, ta ohun ìní rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó kọ́ ilé ìsìn tuntun sí 134th Street, àwọn ayàwòrán ilé méjì tí wọ́n jẹ́ ènìyàn dúdú, Vertner Tandy àti George Foster, ni wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ní 1911, ìjọ yìí kan náà fi dọ́là 640,000 ra ilé alájà púpọ̀ mẹ́wàá ní 135th Street, láàárín Lenox Avenue àti Seventh Avenue. Nail àti Parker ni wọ́n ṣe ètò náà. Títí di ọjọ́ yẹn, òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà sínú àwọn ilé wọ̀nyẹn.

Nígbà tí ìjọ kan bá ti kó lọ, àwọn ọmọ ìjọ a tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ máa wọ ọkọ̀ lọ sí ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ìjọ Abyssinian Baptist, lábẹ́ Adam Clayton Powell àgbà, kó wọ ilé tuntun rẹ̀ ní 138th Street ní 1923. Àwọn mìíràn ra ilé ìsìn tí òyìnbó fi sílẹ̀. Sínágọ́gù Temple Israel tí àwọn Júù kọ́ sí Lenox Avenue ní 1907 di Mount Olivet Baptist Church ní 1925, ìràwọ̀ Dáfídì sì wà lára ilé náà títí dòní, lókè orí àwọn onítẹ̀bọmi tí ń kọrin nínú rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ìjọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran tẹ́lẹ̀, tí wọ́n to àga ogún sí, tí wọ́n sì kọ orúkọ ìjọ sí ojú gíláàsì rẹ̀: ibẹ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Gúúsù dé ti máa ń rí orin tí ó mọ̀ àti ẹni tí yóò pè é ní arákùnrin.

Ṣé àwọn òyìnbó tí ó wà níbẹ̀ kàn dákẹ́ ni?

Wọn kò dákẹ́. Àwọn onílé kan fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní ta ilé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kò ní fi háyà, fún ènìyàn dúdú fún iye ọdún báyìí. Láti nǹkan bí 1910, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Harlem Property Owners' Improvement Corporation, tí John G. Taylor jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ń pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n mọ odi tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 136th Street kí àwọn aládùúgbò dúdú má baà lè kọjá.

Ohun tí ó ba ètò wọn jẹ́ ni owó. Kí àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó lè dúró, gbogbo onílé inú òpópónà gbọ́dọ̀ dì í mú ṣinṣin, ẹni tí báńkì sì ń lé lẹ́yìn kò lè dì í mú pẹ́. Bí ẹnì kan bá ti tà, èkejì a sáré tà kí iye ilé tirẹ̀ má baà wálẹ̀ sí i.

Ibo ni àwọn tí wọ́n wá kún Harlem ti wá?

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù: Virginia, North àti South Carolina, Georgia, Florida. Ìyà oko òwú, kòkòrò tí ó jẹ òwú run, àti bí wọ́n ṣe ń so ènìyàn kọ́ igi láìgbẹ́jọ́ ni wọ́n sá fún. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, àwọn òṣìṣẹ́ kò rí Yúróòpù fi sílẹ̀ wá mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ Àríwá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn. Ẹ̀yà kejì ni àwọn ará Kàríbíánì: Barbados, Jàmáíkà, Trinidad àti àwọn erékùṣù mìíràn. Òmíràn nínú wọn ti bá wọn gbẹ́ odò Panama, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1914, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí New York.

Ìkànìyàn fi bí ó ṣe yára tó hàn. Ní 1910, ènìyàn dúdú 60,534 ni ó wà ní Manhattan. Ní 1920 wọ́n jẹ́ 109,133. Ní 1930 wọ́n ti di 224,670, Harlem sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn wà. Ènìyàn pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ogún ọdún, ilé kò sì pọ̀ sí i ní ìlọ́po kankan.

Báwo ni inú àwọn ilé wọ̀nyí ṣe rí?

Oríṣi ilé méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ilé olókùúta pupa tí wọ́n kọ́ fún ẹbí kan ṣoṣo àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gba owó púpọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n fi pákó pín pálọ̀ sí méjì, wọ́n gbé sítóòfù kékeré sí igun yàrá, ilé tí ìdílé kan gbé tẹ́lẹ̀ sì di ti ìdílé mẹ́fà tí wọ́n jọ ń lo bálùwẹ̀ kan.

Èkejì ni ilé alájà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ wọn lé sábà máa ń fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 25, ó sì gùn ní 100. Nítorí pé ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, yàrá máa ń tò tẹ̀ léra bí ọkọ̀ ojú irin: ẹni tí ó bá fẹ́ ti yàrá iwájú lọ sí ilé ìdáná ní ẹ̀yìn yóò gba inú gbogbo yàrá tí ó wà láàárín kọjá, ì báà jẹ́ pé ẹnì kan ń sùn níbẹ̀. Yàrá àárín kì í rí oòrùn. Nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ lábẹ́ òfin 1879, ihò tóóró kan láàárín ilé méjì ni ó yẹ kí ó gbé atẹ́gùn wọlé, àmọ́ ìdọ̀tí tí àwọn ènìyàn ń dà sínú rẹ̀ àti òórùn ọbẹ̀ gbogbo ilé ni ó ń gbé wọlé. Òfin ilé ti 1901 fi òpin sí kíkọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀: ó ní kí ilé tuntun ní àgbàlá tí ó fẹ̀ tó, kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé Harlem tí ó ṣófo ní 1905 jẹ́ ilé òfin tuntun yìí, ìdí nìyẹn tí ó fi dà bí ẹni pé ọ̀run ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti Tenderloin bọ̀.

Nínú ògiri ilé ìdáná ni ilẹ̀kùn kékeré kan wà. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí okùn tí ó ń lọ sókè sódò nínú òkùnkùn, àti pákó kan tí ó dà bí àpótí. Olùtọ́jú ilé a dúró ní àjà ilẹ̀, a kó èédú tàbí yìnyín sínú àpótí náà, a fún fèrè, ìyá ilé a sì fa okùn títí ẹrù rẹ̀ yóò fi gòkè. Ibẹ̀ náà ni pàǹtírí ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni aládùúgbò tí kò tíì rí ojú ara wọn rí máa ń bá ara wọn sọ láti inú ihò yẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí inú yàrá kò ṣeé gbé, àwọn ènìyàn a gbé ẹní wọn sórí òrùlé tàbí sórí àtẹ̀gùn irin tí wọ́n fi ń sá fún iná.

Èló ni owó ilé, kí sì ni ó fà á tí ó fi ga?

Ní 1919, nǹkan bí dọ́là 21 tàbí 22 lóṣù ni ará Harlem ń san. Nígbà tí yóò fi di 1927, wọ́n wọn owó ilé àwọn ènìyàn dúdú ní àdúgbò kan, wọ́n sì rí i pé ìpíndọ́gba rẹ̀ ti di dọ́là 41.77. Owó iṣẹ́ wọn kò gòkè bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ìlú fi sílẹ̀ fún ọkùnrin dúdú kò ju ẹrù gbígbé, ìlẹ̀kùn ṣíṣọ́ àti lífítì wíwà lọ. Iṣẹ́ obìnrin ni aṣọ fífọ̀ àti iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ òyìnbó.

Ìdí tí ó fi ga kò fara pamọ́. Ẹni tí kò lè rí yàrá gbà ní apá ibòmíràn nínú ìlú kò ní ẹnu láti fi dúnàádúrà. Onílé mọ èyí, ajẹ́ntì mọ̀ ọ́n, ayálégbé gan-an sì mọ̀ ọ́n. Òfin pàjáwìrì tí ìpínlẹ̀ New York ṣe ní 1920 láti dá àfikún owó ilé lẹ́kun ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ òfin tí ó sì ráyè lọ sí ilé ẹjọ́ ni ó lè lò ó.

Àwọn wo ni "lodger" tí ó kún inú ìwé ìkànìyàn?

Wọ́n jẹ́ àwọn tí kì í ṣe ẹbí, tí wọ́n ń sanwó fún ibùsùn nínú fúláàtì ẹlòmíràn. Ìyá ilé a gba fúláàtì oníyàrá márùn-ún, a fi ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ sínú yàrá méjì, a sì fi ìyókù gbowó. Owó tí ó bá rí níbẹ̀ ni yóò fi kún ti ọkọ rẹ̀ kí oṣù tó pé. Nígbà mìíràn ibùsùn kan náà ni ẹni méjì ń sùn lé: òṣìṣẹ́ alẹ́ ń dùbúlẹ̀ sí i bí òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti ń dìde, ibùsùn náà kò sì ráyè tutù.

Àwọn olùṣèwádìí ìgbà náà máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìwà ìbàjẹ́ ni. Lójú tiwa, kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn "lodger" wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú onílé wọn, ìyá tí ó gbà wọ́n sì ni ó ń fi ọ̀nà ibi iṣẹ́ àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì hàn wọ́n. Ọmọ Yorùbá tí ó ti sùn sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ìlú rẹ̀ rí ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yóò mọ ohun tí à ń sọ.

Kí ni àríyá owó ilé?

Bí oṣù bá ti ń lọ sópin tí owó kò pé, ayálégbé a tẹ káàdì kékeré, a sì pín in ní ibi iṣẹ́, ní ilé onígbàjámọ̀ àti ní etí títì. Orúkọ olùgbàlejò, nọ́ńbà ilé, ọjọ́ àti ewì onílà méjì tí ń pe ènìyàn wá jó ni ó máa ń wà lára rẹ̀. Akéwì Langston Hughes kó irú káàdì bẹ́ẹ̀ jọ púpọ̀, àwọn kan sì wà ní ìpamọ́ títí di òní. Alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ó wọ́pọ̀ jù, àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni àwọn obìnrin tí ń sùn sí ilé òyìnbó máa ń ní ìsinmi.

Ní ọjọ́ náà, wọ́n á kó bẹ́ẹ̀dì jáde kúrò nínú yàrá, wọ́n á yí ojú iná padà sí pupa, wọ́n á sì gbé dùùrù sí igun. Ẹni tí ó bá wọlé yóò san owó díẹ̀, a sì ra ẹja díndín, ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ìfun ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ilé nínú ilé ìdáná. Ọtí náà wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin orílẹ̀-èdè ti de ọtí títà láti 1920. James P. Johnson, Willie "The Lion" Smith àti Fats Waller, tí òkìkí wọn kàn nínú orin jáàsì, lu dùùrù ní irú àríyá bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn orin náà mọ̀ pé owó ilé tí ó ti pọ̀ jù ni ó pe àwọn ènìyàn jọ sínú yàrá tí orin náà ti gbóná.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń dá èsúsú ní Harlem?

Òótọ́ ni, àwọn ará Kàríbíánì ni wọ́n sì mú un wá. Àwọn ará Trinidad ń pè é ní susu, àwọn onímọ̀ sì gbà pé láti inú èsúsú àwa Yorùbá ni orúkọ náà ti wá, pẹ̀lú àwọn baba wọn tí wọ́n kó ní ẹrú kọjá òkun. Àwọn ará Jàmáíkà ń pe tiwọn ní partner, ti Barbados sì ń jẹ́ meeting-turn. Bí a ṣe ń ṣe é nílé náà ni: olúkúlùkù a dá iye kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan a kó gbogbo rẹ̀, ìyókù a dúró de àkókò tiwọn.

Báńkì tí kò fẹ́ yá ènìyàn dúdú lówó ni ó mú kí ètò yìí ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Owó èsúsú ni ẹlòmíràn fi san àsansílẹ̀ ilé, tí òmíràn fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí òmíràn sì fi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ láti erékùṣù. A gba ìbéèrè yìí tayọ̀tayọ̀ nígbàkígbà tí ó bá wá.

Yàtọ̀ sí ìjọ, níbo ni àwọn ènìyàn ti ń pàdé?

135th Street ni ọkàn àdúgbò náà. Ilé ìkàwé ibẹ̀ ti ṣí ní 1905, nígbà tí òyìnbó ṣì ni ó ń lò ó. Láti 1920, Ernestine Rose tí ó jẹ́ olórí rẹ̀ gba àwọn ènìyàn dúdú síṣẹ́, Catherine Latimer sì wà lára wọn, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó di òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tó kọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ètò ìlú náà. Ìkàwé ewì, àríyànjiyàn àti eré orí ìtàgé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lálaalẹ́. Ní 1926, Carnegie Corporation fi dọ́là 10,000 ra àwọn ìwé tí Arturo Schomburg, ọmọ Puerto Rico, ti kó jọ lórí ìtàn ènìyàn dúdú, wọ́n sì kó wọn sí ilé ìkàwé yìí.

Fún ọmọbìnrin tí ó bá nìkan dé láti Gúúsù, White Rose Mission wà, èyí tí Victoria Earle Matthews dá sílẹ̀ ní 1897, tí ó sì kó lọ sí 136th Street ní 1918. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ pàdé àwọn ọmọbìnrin ní èbúté kí àwọn agbódegbà má baà kọ́kọ́ rí wọn. Ní 138th Street, ẹgbẹ́ UNIA (Universal Negro Improvement Association) tí Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà, jẹ́ aṣáájú rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Liberty Hall láti 1919. Yàtọ̀ sí ìyíde àti ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀, ẹgbẹ́ náà ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣàìsàn lówó, ó sì ń bá wọn sin òkú. Ní 1920, ẹ̀ka rẹ̀ ti wà ní Èkó.

Ṣé gbogbo Harlem ni ó jẹ́ ilé tálákà?

Rárá. Ní 138th àti 139th Street, láàárín Seventh Avenue àti Eighth Avenue, ni àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Strivers' Row wà, tí David H. King kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1890 síwájú. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí àwọn ilé náà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ kọ̀ láti tà wọ́n fún ènìyàn dúdú títí di 1919. Nígbà tí ó gbà tán, àwọn dókítà, agbẹjọ́rò àti olórin ni wọ́n rà wọ́n.

Kí ni Dunbar Apartments, kí sì ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀?

John D. Rockefeller kékeré ni ó náwó sí i. Fúláàtì 511 ni, ní ilé mẹ́fà tí wọ́n yí ọgbà ńlá kan ká, láàárín 149th àti 150th Street. Wọ́n ṣí i ní 1928. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan a san àsansílẹ̀, a sì máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù títí fúláàtì náà yóò fi di tirẹ̀. W. E. B. Du Bois tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé, A. Philip Randolph tí ó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti Matthew Henson tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ yìnyín Àríwá ayé, gbé ibẹ̀.

Oòrùn ń wọ inú yàrá, ọmọdé rí ibi ṣeré, ilé ìtọ́jú ọmọ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní 1929, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọn kò sì lè san owó oṣù mọ́. Láàárín 1936 sí 1937, Rockefeller gba ilé náà padà, àwọn tí wọ́n ti ń san owó fún bí ọdún mẹ́jọ sì tún di ayálégbé. Ó dùn wá nígbàkígbà tí a bá kọ ọ́.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n fi àwọ̀ ya àdúgbò sọ́tọ̀?

Ní 1917, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ Buchanan àti Warley pé ìlú kankan kò gbọ́dọ̀ fi òfin pín òpópónà fún dúdú àti funfun. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Kò parí síbẹ̀, nítorí ìjọba ni ìdájọ́ yẹn dè. Kò de onílé méjì tí wọ́n bá jọ kọ àdéhùn. Ọdún 1948, nínú ẹjọ́ Shelley àti Kraemer, ni ilé ẹjọ́ náà tó sọ pé kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ fi agbára ìjọba mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Ní gbogbo àkókò tí ojú ìwé yìí ń sọ, àdéhùn náà ní agbára.

Kí ni híhá ilé ṣe sí ìlera?

Láàárín 1923 sí 1927, iye àwọn tí ń kú ní Harlem fi ìdá méjìlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún ju ti gbogbo ìlú New York lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ikú ọmọ ọwọ́ ni wọ́n burú jù. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ràn nínú yàrá tí kò rí oòrùn, tí ènìyàn mẹ́fà ń mí èémí kan náà nínú rẹ̀. Kò sí àṣírí mìíràn nínú rẹ̀.

Ṣé àwọn onílé òyìnbó nìkan ni wọ́n rẹ́ ayálégbé dúdú jẹ?

Ìbéèrè yìí le, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi bò. Òyìnbó ni ó ni ọ̀pọ̀ jù lọ ilé Harlem ní gbogbo àkókò yìí, àwọn ni wọ́n sì kó èrè jù. Síbẹ̀, Payton fúnra rẹ̀ fi ìlérí owó ilé tí ó ga ju ti òyìnbó lọ fa àwọn onílé mọ́ra, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni wọ́n sì san án. Onílé dúdú tí ó yá owó ní èlé gọbọi láti ra ilé kò lè gba owó ilé tí ó kéré kí ó má sì pàdánù ilé náà.

Èrò tiwa ni pé kí a má ṣe fi èyí da ẹ̀bi rú. Ìpinnu pé ibì kan ṣoṣo ni ènìyàn dúdú lè gbé ni ó sọ yàrá di ọ̀wọ́n, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá lábẹ́ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ni ó lè gba ohun tí ó wù ú. Ẹni tí ó yìn Payton fún ilẹ̀kùn tí ó ṣí gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ìyá tí ó gba "lodger" mẹ́rin kí ó tó lè dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ìtàn ilé kan pàtó ní Harlem?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. Ìwé ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti 1900, 1910, 1920 àti 1930 ti wà ní gbangba, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 72 ni wọ́n ń ṣí wọn. Ti ìpínlẹ̀ New York fún 1905, 1915 àti 1925 sì wà pẹ̀lú. Wọ́n kọ nọ́ńbà ilé sí ẹ̀gbẹ́ ewé, wọ́n sì to àwọn ará ilé tẹ̀ léra: olórí ilé, ìyàwó, ọmọ, "lodger", ibi tí wọ́n bí oníkálukú sí àti iṣẹ́ rẹ̀. Ti 1930 tún sọ iye owó ilé lóṣù, ó sì fi lẹ́tà R sí ìdílé tí ó bá ní rédíò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí orí àwọn fọ́tò tí ìjọba ìlú New York ya ilé gbogbo láàárín 1939 sí 1941 nítorí owó orí ilé. Ilé ìpamọ́ ìlú náà ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fi àwọn ìwé ìkànìyàn náà wéra ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá fún ilé kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé ní 1900 orúkọ Jámánì tàbí ti Ireland lè kún ewé náà, ní 1920 Virginia àti Barbados lè gba ipò wọn, ní 1930 sì ni nọ́ńbà ilé kan lè gba ewé méjì kí àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀ tó tán.